Ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda-ara fún iná àti pàjáwìrì ní Òkè Àrín: kí la ó kọ́kọ́ rà, kí la ó kọ́kọ́ kọ́?

Ọ̀dọ́ Òkè Àrín
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa ọ̀dọ́ kan ní Òkè Àrín, níhìn-ín ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ń gbìmọ̀ láti dá ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda-ara sílẹ̀. Ohun tá a fẹ́ ni pé kí iná tó ràn, kí ẹni tó fara pa tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹni tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe ti wà nítòsí. CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ti fọwọ́ sí i, àwọn ìyálọ́jà sì ti ṣèlérí owó díẹ̀. Òpópónà wa há. Ilé alájà mẹ́ta mẹ́rin ló pọ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ibi ìkẹ́rùsí aṣọ lókè, àwọn ìdílé sì ń gbé láàárín wọn. Jẹnẹrétọ̀ kò sí níbi tí kò sí. Àwọn kan nínú wa ní ká ra pọ́ọ̀ǹpù àti họ́ọ̀sì ká máa pa iná fúnra wa. Àwọn mìíràn ní àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì ló kàn. Èwo ni ká kọ́kọ́ rà? Níbo la ti lè kọ́ṣẹ́ náà dáadáa? Ibo ló yẹ kí iṣẹ́ tiwa parí sí, kí tàwọn panápaná sì bẹ̀rẹ̀?

Jagun Ìdúmọ̀tà
Pọ́ọ̀ǹpù ni kẹ́ ẹ rà. Ọkọ̀ panápaná lè tètè kúrò ní ibùdó wọn ní Ẹbúté Elefun, ṣùgbọ́n ibo ni yóò gbà wọlé? Tábìlì ọjà wà lójú títì láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀sà sì nìyí lẹ́bàá Ẹbúté Èrò, omi tí kì í tán. Pọ́ọ̀ǹpù pẹtiróòlù ínǹṣì 2, họ́ọ̀sì tó gùn dáadáa, ó parí.

Bàbá Panápaná
Jagun, òótọ́ lẹ sọ nípa ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀ǹpù yẹn. Pọ́ọ̀ǹpù ínǹṣì 2 táwọn kọ́lékọ́lé fi ń fa omi máa ń tú nǹkan bíi lítà 500 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Táǹkì lítà 2,000 tó wà lókè ilé, ìṣẹ́jú 4 péré ni yóò fi gbé e mì. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ní ti ọ̀sà, gbogbo gígùn họ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá so mọ́ra ló ń jẹ nínú ipá omi. Pọ́ọ̀ǹpù tí wọ́n ṣe fún fífa omi kúrò nínú kòtò kò ní ipá tí yóò ti omi láti etí ọ̀sà dé Òkè Àrín, kó tún gun àjà kẹta. Bí omi bá sì wá lágbára lóòótọ́, họ́ọ̀sì ńlá máa ń gbé ẹni tí kò kọ́ ọ ṣubú. Ẹ má ná owó àwọn ìyálọ́jà sórí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ olùyọ̀ǹda-ara àdúgbò, kí ọkọ̀ panápaná tó dé. Ẹ pín iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí iná tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan á pe 767 tàbí 112. Ẹnì kan á pa iná mànàmáná. Ẹni méjì á máa kan ilẹ̀kùn láti òkè wá sísàlẹ̀ ní àwọn ibi tí èéfín kò tíì dé. Ẹni méjì mìíràn á sáré lọ sí oríta, wọ́n á kó tábìlì àti ọkàdà kúrò lọ́nà, wọ́n á sì dúró de ọkọ̀ kí wọ́n lè fọ̀nà hàn án. Ẹni tó lọ oríta yìí wúlò ju ẹni mẹ́wàá tó ń fi ike da omi lọ. Ẹ fi okùn wọn ojú ọ̀nà yín nísinsìnyí: bí ibì kan bá wà tí kò tó mítà 4, ẹ mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì mọ ọ̀nà mìíràn tí ọkọ̀ lè gbà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan, ẹ ra ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀ẹ̀fun kìlógíráàmù 6, kẹ́ ẹ pín in káàkiri òpópónà, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú yàrá kan tí wọ́n ń tì. Ẹ ra garawa yanrìn, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, mẹ́gáfóònù, ẹ̀wù tó ń tàn lóru àti bolt cutter ńlá kan, ohun èlò ọwọ́ tí wọ́n fi ń gé irin. Bọ́gílárì, irin ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ló ń há èèyàn mọ́lé ní Èkó nígbà tí iná bá ń jó, bolt cutter ló sì ń já ṣẹ́ẹ̀nì rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ ìpaná: ẹ wo aago kékeré ọrùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú àwọ̀ ewé. Lóṣooṣù, ẹ dorí rẹ̀ kodò kẹ́ ẹ sì gbọ̀n ọ́n, torí yẹ̀ẹ̀fun inú rẹ̀ máa ń dì mọ́ ìsàlẹ̀. Tó bá di lílò, ẹ fa pínnì yọ, ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà 2 sí 3, kí ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn yín. Ìdí iná ni kẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fín in sí ahọ́n iná tó ń fò lókè fi yẹ̀ẹ̀fun ṣòfò ni. Ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbá a lọ sọ́tùn-ún sósì. Kì í ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ tí yóò fi tán. Bí iná bá ti ń lá òrùlé yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn pa, kẹ́ ẹ jáde. Bó bá sì kú, ẹ fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí i, torí ó lè tún gbiná. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ rí, ì báà jẹ́ díẹ̀, ẹ gbé e lọ kún: yẹ̀ẹ̀fun tó há sẹ́nu rẹ̀ kì í jẹ́ kó dé mọ́ dáadáa.

Fẹ́mi Oníwáyà
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àfikún kan wà sórí «pa iná mànàmáná» yẹn o. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, pípa ti NEPA nìkan kò tó. Ilé kan lè ní mítà iná bíi mẹ́wàá, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, àti inverter lókè. Tẹ́ ẹ bá pa ti NEPA, chenjóbà, súìṣì tó ń yí ilé láti orí NEPA sí jẹnẹrétọ̀, lè ti wà lórí jẹnẹrétọ̀, inverter á sì gbà á fúnra rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wáyà tẹ́ ẹ rò pé ó ti kú á ṣì máa gbé iná. Nítorí náà, ẹ yí gbogbo ilé ká ní ọ̀sán gangan, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ara ògiri: ibi tí mẹ́ènì wà, ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ibi tí bátìrì inverter wà. Ẹni tó ń pa iná mànàmáná gbọ́dọ̀ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kọ́táòùtù, fíúsì orí òpó iná, ńkọ́? Ẹ má fi ọ̀pá oparun fà á. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná ni kẹ́ ẹ pè. Bí wáyà bá já sílẹ̀ lójú títì, ẹ pààlà tó mítà 10 yí i ká, kẹ́nikẹ́ni má wọbẹ̀, pàápàá tí ilẹ̀ bá tutù.

Fún bọ́ọ̀dù mítà àti kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìpaná CO2 ló dáa jù, torí kò ní ba nǹkan jẹ́ bíi yẹ̀ẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ibi ìdìmú rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ tó dà bí ìwo. Ó ń tutù débi pé ó ń jó awọ ara. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí kò ní fèrèsé, ẹ lò ó tán kẹ́ ẹ jáde kíá, ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ mí.

Alhaja Jankara
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni gáàsì, torí àwọn olóúnjẹ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní tí sílíńdà bá gbiná, kí a da aṣọ tútù bò ó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Jagun Ìdúmọ̀tà
Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja. Àpò ìrẹsì tó rin gbingbin, tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Iná á kú lójú ẹsẹ̀.

Bọ́lá Onígáàsì
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tún ìyẹn ṣe, torí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Iná ẹnu sílíńdà yóò kú lóòótọ́ tẹ́ ẹ bá fi aṣọ tútù bò ó, ṣùgbọ́n bí gáàsì bá ṣì ń tú jáde lẹ́yìn tí iná kú, wàhálà ńlá lẹ dá sílẹ̀ yẹn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ló ń tò sí, á wọ gọ́tà, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀ ló máa gba ti ìbúgbàù.

Ohun tó yẹ nìyí: aṣọ tútù wà fún dídáàbò bo ọwọ́ yín kẹ́ ẹ lè dé ibi fáàfù, kẹ́ ẹ yí i pa. Pípa fáàfù ló ń pa iná. Tí fáàfù kò bá ṣeé dé, ẹ jẹ́ kó máa jó, ẹ kó àwọn èèyàn jìnnà, kẹ́ ẹ sì fi omi tu ara sílíńdà náà láti ẹ̀yìn ògiri bí omi bá wà. Sílíńdà tí iná ń lá lára láti ẹ̀gbẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń jó lẹ́nu. Èyí tí iná ń lá lára lè bú, ẹ sá fún un.

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì láìsí iná, ẹ má tan nǹkan, ẹ má pa nǹkan pẹ̀lú. Súìṣì tẹ́ ẹ fẹ́ pa lè tanná pàrà. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti fáàfù, ẹ jáde, ìta ni kẹ́ ẹ ti fi fóònù pe.

Fẹ́mi Oníwáyà
Mo gbè é lẹ́yìn. Mo ní kẹ́ ẹ pa mẹ́ènì, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òórùn gáàsì ló wà nílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan mẹ́ènì inú ilé náà.

Nọ́ọ̀sì Yábàá
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti egbò iná, torí ibi táwa Yorùbá ti ń ṣàṣìṣe jù nìyẹn. Kò sí epo pupa, kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí ògì, kò sí yìnyín. Omi tútù lásán tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 20 gbáko. Èèyàn á fẹ́ dáwọ́ dúró ní ìṣẹ́jú kejì torí ìrora ti rọlẹ̀; ẹ má gbà fún un. Ooru ṣì ń jó lọ nínú ẹran ara lẹ́yìn tí iná ti kúrò. Kódà bí wákàtí kan bá ti kọjá kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, ó ṣì ṣàǹfààní. Títí dé wákàtí 3 la lè ṣe é.

Níbi tí ẹ̀rọ omi kò bá sí, àpò pure water kan ní ọ̀rá 20 nínú, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Ẹ já etí rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rọra ṣàn án sójú egbò, ọ̀rá kan ní ìṣẹ́jú kan. Àpò kan á gbé yín dé ìṣẹ́jú 20. Ẹ ní àpò méjì nílẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ tètè bọ́ òrùka, aago àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ bọ́ aṣọ tó yí i ká, ṣùgbọ́n èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ gé yí i ká, ẹ má fà á. Ẹ má tú ìléròrò. Lẹ́yìn omi, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ lé e. Ẹ tẹ́ ẹ ni, ẹ má wé e yíká apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin. Bí ọmọdé bá ni, ẹ fi aṣọ bo apá ara yòókù kí òtútù má mú un.

Àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìka jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ara rẹ̀. Egbò tó ju ìyẹn lọ, tàbí tó wà lójú, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, lójú ara, lórí oríkèé, tàbí tó jẹ́ ti iná mànàmáná, ilé ìwòsàn ni, bó ti wù kó kéré lójú. Gbàgádà àti Ìgbòbí ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò iná. Ẹni tó fa èéfín símú, tí imú rẹ̀ dúdú tàbí tí ohùn rẹ̀ ń há, ẹ má dúró wòye: ọ̀fun lè wú dí láàárín wákàtí díẹ̀, bó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ geere báyìí.

Ọ̀dọ́ Òkè Àrín
Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí nọ́ọ̀sì, Bàbá, àti gbogbo yín. Ìbéèrè tó le nìyí: bí ọmọ bá wà lókè, tí ìyá rẹ̀ ń ké nísàlẹ̀, ṣé a ò ní wọlé? Ẹnì kan nínú wa ní a lè fi táwẹ́ẹ̀lì tútù bo imú.

Jagun Ìdúmọ̀tà
Ẹ máa wọlé ni! Ọmọ Èkó kì í dúró wo kí ọmọ ẹlòmíì jóná.

Bàbá Panápaná
Jagun, mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ló ń gba ẹ̀mí àwọn tó lọ gbani là. Táwẹ́ẹ̀lì tútù lè dá ẹyọ eérú dúró díẹ̀, kò lè dá afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín dúró. Carbon monoxide, ọ̀kan lára afẹ́fẹ́ olóró náà, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ó ń gba ọgbọ́n orí kó tó gba ẹ̀mí, ẹni tó ń fà á símú kì í mọ̀ pé òun ti ń ṣìnà. Ìbòmú ilé ìwòsàn bákan náà. Panápaná gan-an ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, fèrè rẹ̀ á sì dún nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá kù díẹ̀, kí panápaná lè mọ̀ pé ó yẹ kóun jáde. Ẹ̀yin kò ní fèrè yẹn. Bí ẹ bá ṣubú sí àtẹ̀gùn, èèyàn méjì ni àwọn tó bá dé máa wá.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe kò kéré. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Tó bá gbóná, ẹ má ṣí i. Ẹ gba ìta: àkàbà síbi fèrèsé, bolt cutter fún bọ́gílárì. Ẹ ké sí ẹni tó wà nínú pé kó ti ilẹ̀kùn, kó fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, kó wá dúró síbi fèrèsé. Ilẹ̀kùn pákó tó tì máa ń dá èéfín dúró fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Bí panápaná bá dé, yàrá tí ọmọ wà ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ má kàn sọ pé «àwọn èèyàn wà nínú».

Adéníkẹ̀ẹ́ Áńbúláǹsì
Mo dúró ti Bàbá lórí èéfín. Ṣùgbọ́n bí àtẹ̀gùn bá ṣì mọ́, tí iná wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ilé, ẹni méjì lè sáré gòkè lọ gbé ọmọ. Èéfín tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ipele orí yín ni ààlà. Ẹ má sọ ọ́ di òfin tí kò ṣeé tẹ̀, àwọn ọmọkùnrin á kàn rú u ni.

Bàbá Panápaná
Mo gbà, bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó mọ ẹni tó wọlé, àti pé wọ́n wọlé ní méjì méjì. Èéfín dúdú tó ń yí kíá, tó ń jáde pẹ̀lú ipá: ẹ má wọlé rárá. Lórí ilé alájà púpọ̀ tó ti jóná, ẹ má padà wọlé kó ẹrù lẹ́yìn tí iná kú. Kọnkéré tó gbóná, tí omi sì mú tutù lójijì, lè wó lọ́jọ́ kejì.

Adéníkẹ̀ẹ́ Áńbúláǹsì
Ó dára. Iná nìkan kọ́ ni pàjáwìrì o. Níbi tẹ́ ẹ wà, ọkàdà, ẹni tó já látorí ilé àti ẹni tí iná mànàmáná gbé ni ẹ máa rí jù.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde ló ń pani kíá jù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín, ẹ má ṣí i wò. Bí aṣọ náà bá rin, ẹ fi òmíràn lé e. Ti apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró, ẹ lo túníkẹ́ẹ̀tì, ọ̀já fífẹ̀ tí wọ́n ń yí le láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró: kó fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 ga ju ojú egbò, kó má wà lórí oríkèé, ẹ yí i títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró, kẹ́ ẹ sì kọ aago tẹ́ ẹ so ó sí ara rẹ̀. Ẹ má tú u. Okùn bàtà tàbí wáyà kò ṣeé fi ṣe é, ó tinrin jù, ara ló ń gé.

Ẹni tí kò mí, tí kò jí: ilẹ̀ tó le ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ láàárín àyà, ọwọ́ kejì lórí rẹ̀, kí ìgúnpá na tán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àyà padà sókè tán kẹ́ ẹ tó tún tẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì méjì, torí ó ń rẹni kíá. Ẹni tí wáyà gbé, ẹ kọ́kọ́ rí i pé iná ti kúrò lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́kàdà tó ṣubú: ẹ má yọ akoto orí rẹ̀ àyàfi tí kò bá mí tàbí tó ń bì. Bó bá di dandan, ẹni méjì ni, ẹnì kan di ọrùn mú ṣinṣin, ẹnì kejì fà á.

Alhaja Jankara
Ilé ìwòsàn tó bá ní kí a lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá kọ́kọ́ ńkọ́? Ìyẹn ló ń lé èèyàn sá.

Adéníkẹ̀ẹ́ Áńbúláǹsì
Alhaja, òfin ti dáhùn ìyẹn. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014, abala 20, ní ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Òfin ọdún 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà ní kí wọ́n gbà á wọlé láìbéèrè ìwé ọlọ́pàá. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ tẹ àwọn abala wọ̀nyí sórí bébà, kẹ́ ẹ fi sínú àpótí.

Tóyìn Gbàgádà
Ọ̀dọ́ Òkè Àrín béèrè ibi ẹ̀kọ́, kò sì tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Red Cross ti Nàìjíríà ní ẹ̀ka ní Èkó, wọ́n ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Àjọ panápaná ìpínlẹ̀ Èkó àti LASEMA, àjọ tó ń bójú tó pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó, náà ń ṣèdánilẹ́kọ̀ọ́ fáwọn ará àdúgbò. Kí CDA kọ lẹ́tà sí wọn, kí orúkọ yín wà lọ́wọ́ wọn, kí ó má ba à jẹ́ pé ọjọ́ iná ni ẹ máa kọ́kọ́ pàdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá rìn yí òpópónà náà ká.

Nígbà tẹ́ ẹ bá pe 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tẹ́ ẹ wà, torí ìlà lè já: orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé, àmì tó hàn gbangba bíi mọ́ṣáláṣí tàbí báńkì. Lẹ́yìn náà, irú iná, iye àjà ilé, ẹni tó há. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni wàá kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀.

Nípa aṣọ: jíńsì àti kọ́tìnnì ni kí ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù àti aṣọ ọ̀rá ń yọ́ mọ́ ara.

Jagun Ìdúmọ̀tà
Mo ti gbọ́ o. Ó ku ọ̀kan: bí táńkà epo bá ṣubú lójú ọ̀nà ńlá, ṣé wọ́n lè fi yanrìn bò ó?

Bàbá Panápaná
Rárá. Yanrìn wà fún epo díẹ̀ tó dà lábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ti táńkà, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí afárá Ọtẹ́dọlá ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018: ọkọ̀ tó wà nítòsí ló jóná jù. Èéfín epo ń rìn nílẹ̀, ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kẹ́ ẹ lé àwọn èèyàn jìnnà tó mítà 100 ó kéré tán. Kí àwọn awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn kúrò; kí ẹnikẹ́ni má tún sítáàtì. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá gbọ́n epo, ẹ lé e kúrò.

Ọ̀dọ́ Òkè Àrín
Ẹ ṣé o. Níbo ni kí àpótí máa wà? Ọ́fíìsì CDA kì í ṣí lálẹ́.

Nọ́ọ̀sì Yábàá
Ẹ má gbé e sí ọ́fíìsì tó ń tì. Ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì tó ń ṣí pẹ́ ni, tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ òpópónà mọ́jú. Kó má wà nínú oòrùn, kó má wà lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀: ooru ń jẹ́ kí ìbọ̀wọ́ máa lẹ̀ mọ́ra, á sì ya nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ lẹ bébà mọ́ ìdérí rẹ̀ tó sọ ohun tó wà nínú àti ọjọ́ tí àkókò lílo ọ̀kọ̀ọ̀kan máa parí. Ẹni tó bá mú nǹkan, kó fàmì sí i.